Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Raccoon Kúrò Nídìí Àgbá Ìdọ̀tí àti Ẹ̀yìnkùlé Yín ní Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ bá àgbá ìdọ̀tí yín nílẹ̀, tí egungun adìẹ àti ọ̀rá yíya fọ́n ká títí dé iwájú ilé aládùúgbò, raccoon, ẹranko ìgbẹ́ kan tó ń rìn lóru, ló sábà máa ń jẹ́. Ì báà jẹ́ Houston lẹ ń gbé, ì báà jẹ́ Maryland, Atlanta tàbí Chicago, ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbìyànjú láti lé e. Ẹlòmíì gbé bíríkì lé ọmọrí àgbá, ẹlòmíì da omi lù ú, ẹlòmíì ra oògùn olóòórùn tí wọ́n ń tà nínú ike. Á ṣe bí ẹni lọ, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti padà dé.

Ohun tó fà á ni pé ẹranko náà là ń bá jà, a ò fọwọ́ kan oúnjẹ tó ń pè é. Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tó ń sùn. Lílé ló gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tiẹ̀ ní í nílò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, owó ló máa ná.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àgbá ìdọ̀tí tí ọmọrí rẹ̀ ń dé pa, tí kò sán, tí kò ní ihò nídìí
- Okùn rọ́bà méjì tó ní ìkọ́ lórí méjèèjì, tàbí ìdè tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọrí àgbá ìdọ̀tí
- Ọ̀rá ìdọ̀tí tó nípọn, àti ọ̀rá kéékèèké
- Àyè díẹ̀ nínú fírísà
- Ife fúláwà kan
- Nẹ́ẹ̀tì onírin líle tí ojú rẹ̀ kò ju ìdajì ínǹṣì lọ
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú, àti ọ̀rá ìdọ̀tí méjì tí ẹ lè sọ nù
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa

Ilé ìtajà irinṣẹ́ tó wà ládùúgbò yín ní gbogbo rẹ̀. Ẹ má tíì ra pàkúté o. A máa dé ibẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣe é

Gbogbo ìdọ̀tí tó bá túká kọ́ ni raccoon tú. Bó bá jẹ́ pé ojú ọ̀sán ni, tó sì jẹ́ òkè ọ̀rá ló dá ihò sí, kannakánná ni kí ẹ fura sí. Ajá máa ń fa gbogbo ọ̀rá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Raccoon ní tirẹ̀, òru ló ń wá. Á ti àgbá ṣubú, á fi ọwọ́ ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, á wá jókòó tì í, á máa ṣa ohun tó wù ú jẹ níkọ̀ọ̀kan. Irun dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká, ìlà dúdú sì yí ìrù rẹ̀ po.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò kò ní í rọ̀, ẹ bu fúláwà wọ́n ilẹ̀ yí àgbá ká, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ wò ó.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ẹsẹ̀ iwájú raccoon ní ìka márùn-ún gígùn, ojú ẹsẹ̀ náà á sì dà bí ìgbà tí ọmọ jòjòló tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka mẹ́rin lẹ rí, ajá tàbí ológbò ni, ìtọ́sọ́nà yìí kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún yín.

2. Ẹ mú òórùn kúrò nínú ìdọ̀tí

Ibí yìí ni àwa tí à ń se ọbẹ̀ ilé ti yàtọ̀ sí aládùúgbò. Ìdọ̀tí ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì kò lè rùn dé ibi tí ìdọ̀tí tiwa ń rùn dé: orí pańla, ìkarahun edé, ọ̀rá tí wọ́n fi di irú, ọ̀rá inú ẹran tí a gé kúrò lára ṣàkì. Imú raccoon mú, inú òkùnkùn ló sì ti ń fi í wá oúnjẹ.

Gbogbo ohun tó bá ti ara ẹran, ẹja tàbí adìẹ wá, ẹ má sọ ọ́ sínú àgbá lọ́jọ́ tí ẹ sè é. Ẹ kó o sínú ọ̀rá kékeré, ẹ di í, kí ẹ sì jù ú sínú fírísà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ máa wá. Àwọn kan máa ń rojú sí èyí, wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa kó ìdọ̀tí sínú fírísà. Ọ̀rá tí ẹ di pa kò lè ba nǹkan kan jẹ́, ohun tó bá sì dì kò lè rùn. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kí ẹ mú. Ẹ kàn kọ “ÌDỌ̀TÍ” sára rẹ̀ gàdàgbà, kí màmá tó wá kí yín láti ilé má bàa yọ ọ́ láti fi se ọbẹ̀.

Àwọn ibi tí a ti máa ń ṣì í rèé:

Pẹpẹ fùkẹ̀fùkẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ẹran ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí aṣọ kékeré kan lábẹ́ ẹran tó ti fa ẹ̀jẹ̀ mu. Aṣọ yẹn nìkan tó láti pe raccoon. Inú ọ̀rá fírísà ni kó máa lọ, ẹ sì ṣan pẹpẹ náà kí ẹ tó jù ú nù.

Omi tí a fi fọ ẹja. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ dà á sí. Ẹ dà á sí ilé ìgbẹ́, kí ẹ sì fi omi lé e.

Òróró tí a ti dín nǹkan tán. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú agolo tó ní ọmọrí. Má-dà-á-sílẹ̀ ni, má-dà-á-sínú-síǹkì náà sì ni.

Abọ́ fóìlì ńlá tí a fi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wálé láti òde àríyá. Ẹ ṣan án. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń sọ pé “ọjọ́ Ajé nìkan ló máa ń wá,” àríyá ọjọ́ Sátidé ló ń pè é.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú àgbá fúnra rẹ̀, kí ẹ sì yí ẹnu rẹ̀ délẹ̀ nínú oòrùn kó gbẹ. Lóṣooṣù tó, àfi nígbà ooru tó lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*Ìkìlọ̀:* bí ẹ bá fẹ́ lo bílíìṣì láti fọ àgbá, ẹ má pò ó mọ́ ammonia tàbí oògùn ìfọ̀gíláàsì tó ní ammonia nínú. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọ̀rá ìdọ̀tí olóòórùn dídùn náà kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ló ń tàn, kò tan raccoon.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yanjú:* lọ́sàn-án ọjọ́ tí oòrùn mú, ẹ dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí àgbá tí ọmọrí rẹ̀ wà ní dídé. Bí imú yín, tí kò mú tó ti raccoon rárá, bá gbọ́ òórùn ẹja, iṣẹ́ ṣì kù.

3. Ẹ ti àgbá pa, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró

Ọwọ́ raccoon ni ohun ìjà rẹ̀. Ó lè gbé ọmọrí, ó lè yí nǹkan, ó lè fa ìkọ́ yọ. Bíríkì tí ẹ gbé lé ọmọrí kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí kò ní í gbé e kúrò. Á kàn ti gbogbo àgbá ṣubú ni, ọmọrí á sì ṣí fúnra rẹ̀. Nítorí náà ohun méjì ni iṣẹ́ yìí: kó má ṣubú, kó má sì ṣí.

Bí ẹ bá ní gárééjì, ibẹ̀ ni kí àgbá máa sùn, ọ̀rọ̀ sì tán. Bí ẹ ò bá ní, ẹ gbé e ti ògiri tàbí òpó ọgbà, kí ẹ fi okùn dè é mọ́ ọn láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn rọ́bà méjèèjì kọjá lórí ọmọrí, ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, èkejì láti ọ̀tún dé òsì, kí ẹ sì fi ìkọ́ wọn kọ́ etí àgbá. Ó gbọ́dọ̀ le débi pé ẹ̀yin fúnra yín máa lo agbára díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ní ọdún 2016, ìjọba ìlú Toronto ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í pín àgbá ìdọ̀tí oúnjẹ tuntun tó ní ìkọ́ yíyí lórí fún àwọn onílé nítorí raccoon. Síbẹ̀, a rí raccoon tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bó bá ti ti àgbá ṣubú tán. Ẹ má fojú kéré wọn.

Àkókò tí ẹ ń gbé e síta ṣe pàtàkì ju irú àgbá tí ẹ rà lọ. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé e síta lálẹ́ kí a lè sùn pẹ́, a sì ti fi tábìlì kalẹ̀ fún àlejò òru nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá ni kó jáde. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru, nígbà tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni kí ẹ gbé e síta, kí ẹ tó wọlé sùn. Bí ọkọ̀ bá ń yá jù yín lọ, ẹ̀yin àti aládùúgbò tó ń tètè jí lè jọ sọ ọ́.

*Ìkìlọ̀:* ẹ tú okùn náà kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè fi àgbá yín sílẹ̀ láìdà. Ẹ má sì jẹ́ kí àgbá kún débi tí ọmọrí á fi ṣẹ́kù díẹ̀ kó dé. Àlàfo yẹn ló máa ń ki ọwọ́ bọ̀. Ọ̀rá tí kò bá wọ inú àgbá, ẹ má gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ẹ fi ẹsẹ̀ ti àgbá fúnra yín, kí ẹ ti í dáadáa. Bó bá ṣubú, ẹ dè é tì. Bó bá ṣubú tí ọmọrí sì ṣí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Á ṣì máa wá wò ó fún òru mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti i pa. Ẹ má bínú, ẹ má sì dẹwọ́. Bó bá rí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan péré láàárín àkókò yẹn, ohun tó máa kọ́ ni pé ẹni tó bá ní sùúrù á jẹ.

4. Ẹ wo ìyókù ẹ̀yìnkùlé

Oúnjẹ ajá àti ológbò kò gbọ́dọ̀ sùn síta, omi inú abọ́ wọn náà kò gbọ́dọ̀ sùn síta. Ẹ gbé oúnjẹ ẹyẹ wọlé lálẹ́. Ẹ ṣa èso tó bá jábọ́ lábẹ́ igi. Ibi tí ẹ ti ń sun ṣùyà, ẹ ha ọ̀rá orí irin rẹ̀, kí ẹ sì da àwo tó ń gba epo lábẹ́ rẹ̀ nù. Àwo yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í rántí. Bí ẹ bá ní òkìtì ajílẹ̀, ewé àti èèpo ẹ̀fọ́ nìkan ni kó máa wọ ibẹ̀, kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe ẹran.

Bí koríko iwájú ilé bá ń ká sókè bí ẹní, ìdin funfun inú ilẹ̀ ni raccoon ń wá kiri. Ẹ má máa bomi rin ín lálẹ́, nítorí ilẹ̀ tó rọ̀ ni aràn àti ìdin máa ń sún mọ́ òkè.

Ẹ̀yin tí ẹ gbin àgbàdo, ẹ gbọ́. Raccoon mọ ọjọ́ tí àgbàdo máa gbó ju ẹni tó gbìn ín lọ, òru tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ya á ló sì máa ń dé. Ọgbà lásán kò dá a dúró, nítorí ó ń gun nǹkan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni wáyà oníná tí wọ́n ń tà fún ọgbà oko: ẹ na ọ̀kan ní ínǹṣì 6 sí ilẹ̀, èkejì ní ínǹṣì 12, kí ẹ sì tàn án kí àgbàdo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ẹ gé koríko abẹ́ rẹ̀, nítorí bó bá kan wáyà, agbára rẹ̀ á lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìlú yín àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bóyá wọ́n gbà á láàyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, nẹ́ẹ̀tì adìẹ tó fẹ́lẹ́ yẹn, adìẹ ló ń há mọ́, kì í dá raccoon dúró. Á ya á, tàbí kó ki ọwọ́ gba ojú rẹ̀ kó sì fa adìẹ. Nẹ́ẹ̀tì onírin líle tí mo dárúkọ lókè ni kí ẹ kàn mọ́ ọn, kí ẹ sì rì í sínú ilẹ̀ ní ínǹṣì 12. Ìkọ́ ilẹ̀kùn tí a kàn ń gbé sókè, á ṣí i. Ẹ lo àgádágodo.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ẹ bu fúláwà wọ́n àwọn ibi tó ti ń wá tẹ́lẹ̀, bí ẹ ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Bí òru bá ń gorí òru láìsí ojú ẹsẹ̀, ẹ ti ń borí.

5. Ibi tó ń sùn: òkè àjà, abẹ́ pátíò, ihò èéfín

Ibí ló ti ń di ọ̀rọ̀ owó gidi. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí nǹkan ń rìn gbì-gbì lókè àjà lálẹ́, kì í ṣe eku. Raccoon tó dàgbà lè wọn kílò 5 sí kílò 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ yí ilé ká lọ́sàn-án, kí ẹ wá ihò tó fẹ̀ tó ínǹṣì 4, nítorí ó lè há ara rẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹ wo abẹ́ etí òrùlé, ojú afẹ́fẹ́ òkè àjà, àti ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó bá na sórí ilé, kí ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 6 wà láàárín wọn.

*Ìkìlọ̀ tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀:* ẹ má dí ihò láìmọ̀ bóyá ó wà nínú. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń bímọ, òkè àjà wa sì wù wọ́n. Bí ẹ bá ti ìyá mọ́ ìta, tí àwọn ọmọ wà nínú, yóò fa páálí òrùlé ya kó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kò bá sì rí ọ̀nà, àwọn ọmọ á kú síbẹ̀, òórùn wọn ló máa sọ fún yín. Láti ìparí oṣù kẹta títí wọ inú oṣù keje, ẹ gbà pé ọmọ wà nínú títí ẹ ó fi rí i pé kò sí. Ìró wọn dà bí ẹkún tín-ín-rín.

Ẹ ki ìwé ìròyìn bọ ihò náà wẹ́rẹ́, kó má le. Bó bá wà nínú, á tì í jáde lóru kó lè rí oúnjẹ. Bí ìwé bá wà bó ṣe wà fún òru mẹ́ta, tí kò sí òtútù líle tó lè mú un jókòó sínú, tí ẹ ò sì gbọ́ ìró kankan, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí i, kí ẹ lo sùkúrù, ẹ má lo ìṣó nìkan. Ihò èéfín náà nílò ọmọrí onírin tí wọ́n ṣe fún un.

Bó bá wà nínú láìsí ọmọ, ẹ tan iná sí òkè àjà tọ̀sán-tòru, kí ẹ gbé rédíò tó ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ibi tó dákẹ́ tó sì ṣókùnkùn ló fẹ́. Bó bá ní ọmọ, ẹ ṣe bákan náà kí ẹ sì fún un láyè: ìyá máa ń ní ju ibùsùn kan lọ, á gbé wọn lọ níkọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lọ, ẹ pe ọ̀gá tó ní ìwé àṣẹ láti mú ẹranko. Ẹ má gùnkè lọ bá a.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pàkúté tí mo ní a máa dé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin kò gbà kí ẹ mú raccoon kí ẹ sì lọ tú u sílẹ̀ níbòmíì, nítorí àrùn tó lè gbé lọ. Bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e lọ, tí oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Májèlé kò bófin mu, ajá aládùúgbò ló sì máa ń pa. Káńfọ̀ tí àwọn ènìyàn ń ní kí ẹ fọ́n sókè àjà, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹ lò ó fún ohun tí kò sí lára páálí rẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn ọmọ yín nínú yàrá. Ata gígún? Òjò kan péré ló máa ṣan án lọ. Ẹ fi se ọbẹ̀.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* lẹ́yìn tí ẹ bá dí i, ẹ padà lọ wo nẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ keje. Bí èékánná bá ti ha igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìta, ó ń gbìyànjú. Ẹ fi sùkúrù kún un.

6. Ìgbẹ́ rẹ̀, tí a kì í fọwọ́ kan lásán

Ojú kan náà ni raccoon máa ń yàgbẹ́ sí: ìdí igi, orí pátíò, orí òrùlé, òkè àjà. Aràn kan wà nínú ìgbẹ́ yìí tí ẹyin rẹ̀, bí ènìyàn bá gbé e mì, lè dé ọpọlọ àti ojú. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọdé tó ń ki ọwọ́ bọnu ló wà nínú ewu jù. Ìgbẹ́ tútù kò tíì lè kóni, ẹyin náà máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti rí i, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹ fi omi díẹ̀ tù ú kó má bàa gbé eruku. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó o sínú ọ̀rá méjì, ọ̀kan nínú èkejì, kí ẹ dì í pa. Lẹ́yìn náà, omi tó ń hó ni kí ẹ dà sí ibẹ̀ àti sí ṣọ́bìrì. Bílíìṣì kò pa ẹyin yìí, ooru ló ń pa á. Bó bá jẹ́ òkè àjà ni, tó sì ti pọ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe é jẹun nìyẹn.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* ibi tí ẹ ti fọ̀ náà ni kí ẹ máa wò ní àràárọ̀. Bí tuntun bá dé, ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ tàbí ibùsùn kan wà nítòsí tí ẹ ò tíì rí.

Bí ẹ bá bá a pàdé lójúkojú

Ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má sì há a mọ́ igun. Ẹ fún un lọ́nà, kí ẹ pariwo, kí ẹ lu ìkòkò. Rírí i lọ́sàn-án nìkan kò sọ pé ó ya dìgbòlugi. Ìyá ọlọ́mọ máa ń wá oúnjẹ lọ́sàn-án. Àmọ́ bó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó ń yí po lójú kan, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí kò bẹ̀rù ènìyàn rárá, ẹ wọlé, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń mójú tó ẹranko. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, 311 ni nọ́ńbà tó máa darí yín síbẹ̀.

Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ha á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí egbò náà bá kéré. Ẹ má dúró títí ara yóò fi máa ro yín. Bí àmì dìgbòlugi bá ti jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fún yín ṣáájú ìgbà náà ń dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà pé raccoon ni, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti bóyá ẹranko náà ṣì wà nítòsí. Bó bá jẹ́ ajá yín ló bá a jà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì wá ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ jáde.